Ìfun Ńlá Méjì, Ìfun Kékeré Méjì

Nílé wa ní Ayọ̀bọ̀, ẹnikẹ́ni kì í pe táyà ní táyà lójú bàbá mi. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni. Rìmóòtù ń jẹ́ apàṣẹ-lókèèrè, fíríìjì ń jẹ́ àpótí òtútù, burékì ń jẹ́ ìjánu. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Bàbá fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, tí kò sí ọmọ ọlọ́mọ mọ́, àwa ará ilé ni wọ́n gbájú mọ́. Ìyá mi nìkan ni kò gbà fún wọn. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi kí òun náà tó fẹ̀yìn tì, "Mọ́mì" ló sì ní ká máa pe òun. Bí Mọ́mì bá fẹ́ rí ìjà Bàbá, "Tíṣà" ló máa ń pè wọ́n.

Èmi náà ní gbèsè kan lọ́rùn Bàbá. Ọdún kìíní tí mo wọ girama, mo kọ ọ́ sínú àròkọ pé táyà ọkọ̀ wa jò. Bàbá, tó jẹ́ olùkọ́ mi níléèwé tó tún jẹ́ bàbá mi nílé, fa ìlà pupa sí i. Mo béèrè pé tí ọkọ̀ bá ní ẹsẹ̀, ṣé ó ní orúnkún. Ìgbà ogún ni mo kọ "ẹsẹ̀ ọkọ̀" lọ́jọ́ náà kí n tó fojú kan oúnjẹ. Àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo ti di ẹni tó ń dá ilé gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá báyìí, mo ní iṣẹ́ oṣù ní Ìkọ̀tún, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé.

Bàbá lọ ra katakata kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀. Kì í ṣe katakata ńlá tí wọ́n fi ń la ọ̀nà o. Èyí kéré, ó pupa, àga kan ṣoṣo ló ní, abẹ rẹ̀ sì wà lábẹ́ ikùn rẹ̀ tó fi ń gé koríko. Ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́ pọ̀ yí wa ká ní Ayọ̀bọ̀, koríko ibẹ̀ ga ju orúnkún lọ, ejò sì máa ń ti ibẹ̀ wá kí wa. Bàbá ní àwọn á máa gé gbogbo rẹ̀. Mọ́mì wo nǹkan náà yíká lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Katakata ni lóòótọ́. Katakata lẹ gbé wọlé yìí."

Ẹ́ńjìnì rẹ̀ dára, kí n má purọ́. Ẹsẹ̀ ló ń ṣe é. Táyà rẹ̀ kì í ṣe oní-tíúùbù, oòrùn sì ti sá a títí ó fi sán káàkiri. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti rọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́. Oṣù mẹ́rin ló fi dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí adìyẹ aládùúgbò wa fi yé sábẹ́ àga rẹ̀, tó sàba, tó sì pa.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, Mọ́mì dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò tíì ṣí gèlè. Ó ní, "Tíṣà, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tó bá di Sátidé, aago méjìlá ọ̀sán, tí nǹkan yìí ò bá tíì fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn kúrò níbi tó wà, àwọn oní-kọ́ńdéèmù á wá gbé e lọ. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀."

Àwọn oní-kọ́ńdéèmù ni àwọn tó ń fi ọmọlanke ra irin àlòkù kiri àdúgbò. Mọ́mì kì í fi wọ́n dẹ́rù bani lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ̀kẹ́ ológeere tí Bàbá fi lọ sí ibi iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn ṣe jáde nílé wa. Bàbá ò jà. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá lọ bá fọkanáísà tó wà lẹ́nu àdúgbò wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni mọ orúkọ. Fọkanáísà wá wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní àfi kí wọ́n wá tíúùbù fi sínú gbogbo wọn, méjì tó tóbi fún ẹ̀yìn, méjì tó kéré fún iwájú. Òun ò ní irú rẹ̀ tà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí i, òun á fi sí i. Mọ́mì ló sọ èyí fún mi lórí fóònù, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, nítorí ó dá a lójú pé Bàbá ò ní rí i.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, àtẹ̀jíṣẹ́ Bàbá wọlé. Ẹni tí kò bá rí àtẹ̀jíṣẹ́ bàbá mi rí kò mọ ìyà tí fóònù ń jẹ. Gbogbo àmì ohùn ló máa ń pé sórí rẹ̀, wọ́n lè lo ìdajì wákàtí lórí gbólóhùn méjì. Ohun tí wọ́n kọ ni pé: "Ọmọ mi, bá mi ra ìfun ńlá méjì àti ìfun kékeré méjì bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Kí ó jẹ́ tuntun. Yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí ó má ṣe ní ihò."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ta ni kò ní mọ̀? Ohun tó gùn, tó rí roboto, tó wà nínú, tí afẹ́fẹ́ ń wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n fi "ẹsẹ̀ ọkọ̀" tọ́, tí wọ́n wá sọ fún pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní ìfun, kí ló kù tí kò yé e? Ṣùgbọ́n Èṣù tó ń bẹ lórí mi jí. Mo rántí ìgbà ogún. Mo rántí oúnjẹ mi tó tutù. Mo fèsì pé, "Mo ti gbọ́, Bàbá."

Lọ́jọ́bọ̀, bí mo ṣe kúrò níbi iṣẹ́, ọjà ẹran Ìkọ̀tún ni mo gbà lọ. Mo na fóònù sí alápatà kan, mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà fún un bí ẹni ń ka Bíbélì. Ó dúró, ó fi ọ̀bẹ há abíyá.

"Àǹtí, ìfun tí ò níhò kẹ̀? Ibo wá ni màlúù fẹ́ máa gbà yàgbẹ́?"

Mo ní, "Wọ́n ṣáà ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò jàre. Ihò méjì ló ní, ibi tó gbà wọlé àtibi tó gbà jáde. Tí ẹ bá rí ẹ̀kẹta, ẹ dá a padà fún mi."

Mo ra ìfun ńlá, mo ra ìfun kékeré, alápatà dì í sínú ọ̀rá dúdú méjì. Nínú ọkọ̀ láti Ìkọ̀tún dé Ayọ̀bọ̀, mò ń dá rẹ́rìn-ín bí wèrè. Obìnrin tó jókòó tì mí sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀díẹ̀. Bóyá ẹ̀rín mi ni, bóyá òórùn ọ̀rá ni.

Bàbá ti ń dúró dè mí ní pálọ̀. Wọ́n ti tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, wọ́n ti yọ dígí ojú wọn, wọ́n nu ún. Wọ́n tú ọ̀rá àkọ́kọ́. Wọ́n wò ó. Wọ́n tú èkejì.

"Kí nì yí?"

"Ìfun ni, Bàbá. Ńlá méjì, kékeré méjì. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ihò méjìméjì ló ní."

Mọ́mì yọjú láti kíṣìnnì, ó rí ohun tó wà lórí tábìlì. Ẹ̀rín tó rín, ó ní láti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń nàka sí Bàbá, ó ń sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà! Ẹ gbé e sínú katakata! Kẹ́ ẹ fi ata díẹ̀ sí i!" Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọn ò bínú náà. Ká ní wọ́n bínú ni, ǹ bá gbádùn ara mi. Wọ́n dì í padà sínú ọ̀rá bó ṣe wà, wọ́n ní, "Kò burú. Àṣìṣe mi ni. Mi ò ṣàlàyé tó." Wọ́n jáde.

Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí wọn. Wọ́n ti gun katakata náà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ̀, wọ́n gbá ọwọ́ ìtọ́kọ̀ rẹ̀ mú, wọ́n ń yí i sọ́tùn-ún, wọ́n ń yí i sósì, díẹ̀díẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ń lọ.

Bàbá mi ò wakọ̀ rí láyé wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbìyànjú rẹ̀, nígbà tí a ń gbé ní Gowon Estate, tí mo ṣì kéré. Mo wà lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Gọ́tà ló gbà wá. Láti ọjọ́ náà, Mọ́mì ló ń wa ọkọ̀ ilé wa, Bàbá á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú báàgì Mọ́mì lórí itan. Báyìí ni wọ́n ṣe lọ síbi iṣẹ́, síbi òkú, síbi ìgbéyàwó, títí irun wọn fi funfun. Katakata oní-àga-kan yìí nìkan ni ohun tí wọ́n ní tí ẹlòmíràn ò lè bá wọn wà. Ojú tì mí. Mo ti fi ọjọ́ méjì ṣeré nínú ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n ní, èmi náà sì ni ẹni kan ṣoṣo tí wọ́n rán níṣẹ́.

Mi ò dúró jẹun. Mo lọ bá fọkanáísà, ó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ kírun. Mo bi í pé níbo ni èèyàn ti lè rí tíúùbù katakata rà ní Alímọ̀ṣọ́ kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́.

Ó ní, "Ẹ ò lè rí i. Ṣùgbọ́n rọ́bà kì í bá èèyàn ṣagídí. Ẹ bá mi ra méjì ti kẹ̀kẹ́ Márúwá, ìyẹn á gba ẹ̀yìn. Ẹ ra méjì tó kéré sí i, ti ọmọlanke, ìyẹn á gba iwájú. Bó bá kéré díẹ̀, á na."

"Ó dá yín lójú?"

"Àǹtí, ẹ lọ rà á ná."

Lọ́jọ́ Fúráìdeè, mo parọ́ fún ọ̀gá mi pé eyín ń dùn mí. Ìsọ̀ mẹ́rin ni mo yà ní Ìkọ̀tún kí n tó rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lọ́tẹ̀ yìí, mo yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́, mo ní kí wọ́n fẹ́ ẹ lójú mi, mo gbé e sétí.

Sátidé mọ́. Mọ́mì ti lọ sípàdé àwọn ìyá ìjọ láti aago mẹ́jọ, ó ní aago méjìlá lòun ń padà bọ̀, òun àtàwọn àlejò òun. Fọkanáísà dé ní aago mẹ́sàn-án pẹ̀lú irin gígùn méjì, òòlù àti pọ́ńpù ẹlẹ́sẹ̀. Mo gbé tíúùbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú Bàbá. Wọ́n wò wọ́n, wọ́n wò mí.

Ó gba ọgbọ́n kí táyà tó gbà láti fi ríìmù sílẹ̀. Fọkanáísà gun un, ó fò lórí rẹ̀, ó fi irin kọ́ ọ létí, ó tú u. Ó gé imú àtijọ́ tí wọ́n ń gbà fẹ́ táyà dànù kí imú tíúùbù lè rí ojú ihò ríìmù gbà jáde. Ó fọwọ́ gbá inú táyà wò fún ẹ̀gún, ó yọ ìṣó kan. Ó wá bi mí pé, "Ẹ ní páúdà nílé? Tíúùbù tí ò bá para, á lẹ̀ mọ́ táyà, á ká kò, á sì bẹ́."

Páúdà kan ṣoṣo ló wà nílé wa, ti Mọ́mì, inú agolo tí wọ́n ya òdòdó sí, tí kò ń lò ju ọjọ́ Sọ́ńdè lọ. Mo lọ gbé e. Bàbá rí agolo náà lọ́wọ́ mi, wọ́n kọjú sí ibòmíràn bí ẹni ń wo ẹyẹ. Ìdajì rẹ̀ ni ìfun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi para.

Fọkanáísà á fẹ́ tíúùbù díẹ̀ kó lè rí roboto, á tì í sínú táyà, á fa imú rẹ̀ gba ojú ihò, á fi omi ọṣẹ pa etí táyà, á wá fi irin tẹ̀ ẹ́ wọlé sára ríìmù díẹ̀díẹ̀. Ó ní ibẹ̀ lewu wà, pé bí irin bá ká tíúùbù mọ́, ó ti lu nìyẹn. Ó ṣe ti iwájú méjèèjì. Ó ṣe ti ẹ̀yìn kan. Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, Bàbá na ọwọ́.

"Mú irin yẹn wá. Èmi ni mo ni ín, ó yẹ kí n mọ̀ ọ́n ṣe."

Fọkanáísà wò mí. Ó na irin náà sí wọn. Bàbá ki irin bọ̀ ọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́, a sì gbọ́ ọ: fíììì.

"Bàbá," fọkanáísà ní, "ẹ ti dá ìfun lu." Nígbà yẹn, òun náà ti ń pè é ní ìfun.

Aago mọ́kànlá ti kọjá. Kò sí tíúùbù mìíràn. Bàbá jókòó sórí bíríkì kan. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ," ohùn wọn kéré débi pé ìgbà kejì ni mo tó gbọ́. Ó dùn mí dé ọkàn. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó máa gbé nǹkan kan lọ," mo sì jágbe mọ́ fọkanáísà pé ṣé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni kó lẹ táyà ni. Ó ní kí n fara balẹ̀. Ó fi irin ha ojú ibi tó lu náà, ó pa gọ́ọ̀mù sí i, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ó lẹ rọ́bà mọ́ ọn, ó fi òòlù gbá a. Ó rì í sínú omi, gbogbo wa tẹjú mọ́ omi náà. Kò hó. Ó ní, "Àlùhámúdùlílà." Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Bí ó ṣe ń fẹ́ ẹ lọ́wọ́ la gbọ́ irin tí wọ́n ń lù bọ̀ láti òpópónà. "Kọ́ńdéèmù! Kọ́ńdéèmù!" Géètì ṣí. Mọ́mì ló ṣáájú pẹ̀lú gèlè ìpàdé, ọkùnrin méjì ń ti ọmọlanke tẹ̀lé e. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta."

Bàbá gun katakata. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ó wúkọ́. Wọ́n tún yí i, ó gbà, ó hó, èéfín bo adìyẹ aládùúgbò, adìyẹ sá. Katakata sì rìn. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró gbagidi lábẹ́ rẹ̀. Bàbá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí nǹkan náà ti wà láti oṣù mẹ́rin, wọ́n la àgbàlá kọjá, ẹnu wọn là sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, wọ́n sì dorí kọ Mọ́mì gan-an.

Fọkanáísà kígbe, "Burékì! Bàbá, burékì!"

Àwọn oní-kọ́ńdéèmù náà gbà á: "Burékì! Burékì!"

Bàbá ń wo ẹsẹ̀ wọn bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé. Mọ́mì ò sá. Bóyá ẹ̀rù ló dè é mọ́lẹ̀, bóyá ogójì ọdún tó ti ń wakọ̀ ni kò jẹ́ kó gbà pé ọkọ òun lè gbá òun.

Mo fi gbogbo agbára ké e: "Ìjánu, Bàbá! Ìjánu!"

Ẹsẹ̀ wọn lọ tààrà síbẹ̀. Katakata dúró. Àyè tó kù láàárín òun àti Mọ́mì kò tó apá kan.

Mọ́mì tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó fa òórùn símú, ó tún fà á.

"Páúdà mi ni mò ń gbóòórùn ẹ̀ lára nǹkan yìí?"

Bàbá wo ojú ọ̀run. Èmi wo ilẹ̀. Mọ́mì yíjú sí àwọn oní-kọ́ńdéèmù tí wọ́n ti ń yí ọmọlanke wọn padà. Ó ní, "Ẹ má lọ lásán. Fírísà kan wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ẹ gbé e." Fírísà náà ti kú láti ọdún mẹ́fà. Àwa ọmọ ti bẹ Mọ́mì títí pé kó jẹ́ ká gbé e dànù, kò gbà, ó ní òun á tún un ṣe. Bí wọ́n ṣe gbé e jáde, ó gbá abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa wà á bọ̀ níbí, òjò ò ní pa á. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o, Bàbá."

Bàbá ló pè wọ́n, kì í ṣe Tíṣà. Mo rò pé àwọn náà gbọ́ ọ.

Wọ́n wà á lọ síbẹ̀, wọ́n tẹ ìjánu, wọ́n pa á. Mo lọ bá wọn níbẹ̀ láti kí wọn kú oríire. Wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń fọwọ́ pa ọwọ́ ìtọ́kọ̀ náà.

"Abọ̀dí tí o rà lọ́jọ́sí yẹn dùn," wọ́n ní.

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

"Nígbà tí gbogbo wọn ń pariwo burékì, ìwọ lo mọ ìjánu."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Wọ́n yọ dígí ojú wọn, wọ́n nu ún, wọ́n fi í padà, wọ́n wá wò mí dáadáa.

"Tí o bá mọ ìjánu," Bàbá ní, "o mọ ìfun."